Bí ọmọ yín bá fẹ́ gba ilé sí Àgbàdo nítorí ọkọ̀ ojú irin

Ẹ̀gbọ́n wa ní Iléṣà tí ó béèrè bóyá kí ọmọ òun tí yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìkẹjà gba ilé sí Àgbàdo, mo kí yín. Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi gbé àdúgbò yẹn kí n tó padà sílé, ọkọ̀ ojú irin ni mo sì fi ń lọ síbi iṣẹ́. Kí ó gbà á, bí ó bá lè fẹsẹ̀ rìn láti ilé dé ibùdókọ̀, nítorí owó ọ̀kadà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá láàárọ̀ àti lálẹ́ lè jẹ gbogbo èrè tí ó wà níbẹ̀.

Irin àtijọ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ́ láti Èkó ní 1896 tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní 1901, ni ọkọ̀ tó ń ná Ìjokò sí Ìdó ń gbà nígbà tiwa. Kí ó tó dé Àgbàdo láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó ti kún: àwọn ọ̀dọ́ ti gun òrùlé, àwọn mìíràn rọ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà, àwa tí a wà nílẹ̀ á sì na ọwọ́ sókè kí wọ́n fà wá wọlé. Bí fèrè bá dún, àwọn ìyá tí ó pàtẹ ata sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin á fa apẹ̀rẹ̀ sẹ́yìn. Bí ọkọ̀ bá ti kọjá, wọ́n á tún tì í padà síbi tí ó wà.

Nítorí náà ni inú mi ṣe dùn sí Red Line, ọkọ̀ ojú irin tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún 2024. Kìlómítà 27 ni, ibùdó 8, láti Àgbàdo dé Òyìngbò, Ìkẹjà sì wà lára wọn. Afárá ni èrò ń gbà kọjá lórí irin, lífítì sì wà fún àgbàlagbà àti aláìlera. Káàdì Cowry ni wọ́n fi ń wọlé, kí ọmọ yín ti fi owó sí i láti alẹ́. Kí ó tún mọ àkókò ọkọ̀ tó kẹ́yìn, nítorí ọkọ̀ náà kì í lọ kí òmíràn dé kíákíá bíi dánfó.

Ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀, tí wọ́n ṣí ní oṣù kẹfà ọdún 2021 láti Èkó sí Ìbàdàn, náà ní ibùdó ní Àgbàdo, orúkọ Lateef Jakande ni wọ́n sì fi sọ ibùdó náà. Ó tọ́ sí i gidigidi, nítorí òun ni gómìnà tí ó dáwọ́ lé ọkọ̀ ojú irin fún ará Èkó, kí ìjọba ológun tó fagi lé e ní 1985. Tíkẹ́ẹ̀tì ti ọkọ̀ yìí yàtọ̀. Káàdì Cowry kò ní ṣiṣẹ́ níbẹ̀.

Ọkọ̀ ìjọba àpapọ̀ yìí ni ọmọ yín lè wọ̀ bí ó bá ń bọ̀ wá kí yín. Mọ́níyà ni yóò sọ̀ ní Ìbàdàn, lápá ọ̀nà Ọ̀yọ́, kí ó sì fi àyè sílẹ̀ láti ti ibẹ̀ dé Ìwó Róòdù kí ó tó wọ ọkọ̀ Ifẹ̀ àti Iléṣà. Kí ó tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, kí ó béèrè bóyá ọkọ̀ ọjọ́ náà yóò dúró ní Àgbàdo, torí kì í ṣe gbogbo wọn ló ń dúró ní gbogbo ibùdó.