Ajá Mi Kọ Bẹ́ẹ̀dì Tí Mo Rà Fún Un, Orí Táìlì Ló Ń Sùn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Alájá. Ajá mi ti pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Ajá ńlá ni, ó tó 35 kílò. Mo ra bẹ́ẹ̀dì kan fún un, rìbìtì, onírun mùlọ̀mùlọ̀, tí àwọ̀ rẹ̀ bá àga pálọ̀ mi mu rẹ́gí. Ọjọ́ kẹta ló ti kúrò nínú rẹ̀. Orí táìlì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gan-an ló ń sùn, á wá gbé àgbọ̀n lé etí bẹ́ẹ̀dì náà. Ṣé ajá yìí kò fẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni, àbí èmi ni mi ò mọ̀ ọ́n rà? — *Èmi tí ajá ń fojú di*

Ìdáhùn: Ẹ má bínú pé mo rẹ́rìn-ín. Ibi tẹ́ ẹ ti sọ pé àwọ̀ rẹ̀ bá àga pálọ̀ mu ló pa mí lẹ́rìn-ín, torí èmi náà ti ṣe é rí. Àga lẹ ra bẹ́ẹ̀dì yẹn fún, ẹ ò rà á fún ajá.

Ajá yín ò fojú di yín o. Ó ti dá yín lóhùn, ẹ ò kàn tíì gbọ́ ni. Ajá tó ń gbé àgbọ̀n lé etí bẹ́ẹ̀dì kò kọ bẹ́ẹ̀dì. Etí tó ga yẹn wù ú, ìrọ̀rí ló fi ń ṣe. Inú ibẹ̀ ni kò bá a lára mu, nǹkan méjì ni mo sì fura sí: bóyá kò gbà á, bóyá ooru ń mú un.

Kẹ́ ẹ tó tún náwó, ẹ ká kúbùsù kan sí mẹ́rin, kẹ́ ẹ tẹ́ ẹ sórí táìlì níbi tó ń sùn sí yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì rìbìtì náà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Bó bá sùn lé e, àyè ló ń wá: bẹ́ẹ̀dì gbọọrọ tó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ máa rà, èyí tó ní etí lápá kan ṣoṣo. Bó bá yẹ kúbùsù sílẹ̀ tó tún wá táìlì lọ, ooru ni. Ajá kì í làágùn káàkiri ara bíi tiwa. Mímí hẹlẹhẹlẹ ló fi ń lé ooru jáde, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń làágùn díẹ̀. Nígbà tó bá fi ikùn lé táìlì, ṣe ló ń fi ilẹ̀ tútù fa ooru ara rẹ̀ jáde. Ẹ wá gbé ẹni tó wọ ẹ̀wù onírun sínú bẹ́ẹ̀dì onírun! Irú ajá bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀dì ẹlẹ́sẹ̀ ló yẹ ẹ́, èyí tí wọ́n na aṣọ líle oníhò wínníwínní sórí férémù rẹ̀, kí atẹ́gùn lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ọ̀sán nìkan ló ń wá táìlì, tó ń padà sórí ohun rírọ̀ lálẹ́, ẹ fi í sílẹ̀ jẹ́ẹ́. Ó mọ ohun tó ń ṣe.

Ẹ máa wò ó bó bá ń sùn. Ajá tó ti dàgbà máa ń sùn tó wákàtí 12 sí 14 lóòjọ́, ẹ ò ní wá àyè tì. Òmíràn á ká kò bí ìgbín, á ti imú bọ abẹ́ ìrù. Irú wọn ni wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀dì rìbìtì fún. Òmíràn á fi ẹ̀gbẹ́ lélẹ̀, á na ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbọọrọ bí ẹni tí wọ́n lù dákú. Ẹ rántí pé ajá kan náà lè ká kò nígbà òtútù kó sì nà tàntàn nígbà ooru, nítorí náà ẹ má fi ọjọ́ kan ṣoṣo dájọ́. Ìgbà tó bá nà ni kẹ́ ẹ mú téèpù aránṣọ, kẹ́ ẹ wọ̀n ọ́n láti imú dé ìdí ìrù, kẹ́ ẹ fi 20 sí 30 sẹ̀ǹtímítà kún un. Ẹ rọra ṣe é o. Tanímọ̀la, ajá mi àná, jí mọ́ mi lọ́wọ́, ó gba téèpù, ó sì bá a sá lọ sẹ́yìn ilé. Mi ò rí i lò mọ́.

Ibi tọ́rọ̀ wà gan-an fún ajá ọlọ́dún mẹ́sàn-án ni fóòmù. Ẹ lọ wo ìgúnpá rẹ̀ báyìí. Tẹ́ ẹ bá rí ibi tí irun ti re dànù, tí awọ ibẹ̀ ki, tó le gbagidi bíi gìgísẹ̀ ẹni tí kì í wọ bàtà, ilẹ̀ líle ló fà á. Bó bá wú, tó rọ̀ bíi pé omi wà nínú rẹ̀, ẹ má gún un, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko.

Tanímọ̀la ti tó ọdún mọ́kànlá kójú mi tó là. Á yí po lẹ́ẹ̀mẹ́ta, lẹ́ẹ̀mẹ́rin, á bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, á dúró, á wá wolẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí òkúta tútù. Lẹ́yìn náà, *gbì!* Á já ara rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ti ń gbọ́ *gbì* yẹn fún oṣù mélòó kan, mo rò pé ọ̀lẹ ni. Oríkèé ló ń ro ó.

Nítorí náà, ẹ má fi ọwọ́ tẹ bẹ́ẹ̀dì kẹ́ ẹ sọ pé ó rọ̀. Ọwọ́ máa ń tanni. Ẹ fi orúnkún kan kúnlẹ̀ lé e, kẹ́ ẹ gbé gbogbo ara lé e. Bí orúnkún yín bá mọ ilẹ̀, ìgúnpá ajá á mọ̀ ọ́n. Fún ajá 35 kílò, èmi ò ní ra fóòmù tí kò nípọn tó 10 sẹ̀ǹtímítà, kó sì jẹ́ odindi, kì í ṣe gígé wẹ́wẹ́ tó máa sá sí igun kan láàárín oṣù díẹ̀. Kó má sì rọ̀ jù: bó bá rì sínú rẹ̀, dídìde á di iṣẹ́. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ náà, kó má máa yọ̀ lórí táìlì. Àmọ́ fóòmù kì í wo àìsàn o. Bí ajá yín bá ń pẹ́ kó tó lè dìde, ẹ fi han dókítà.

Èpo onísíìpù tó ṣeé bọ́ fọ̀ ni kẹ́ ẹ rà, kẹ́ ẹ máa fọ̀ ọ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Àwọn kòkòrò kéékèèké tó ń fò lára ajá, ẹyin wọn kì í lẹ̀ mọ́ irun, ṣe ló ń já sínú bẹ́ẹ̀dì. Ẹni tó tọ́jú ajá tí kò tọ́jú bẹ́ẹ̀dì, ìdajì iṣẹ́ ló ṣe. Bí aṣọ náà bá gbà á, ẹ fi omi tó gbóná tó 60°C fọ̀ ọ́.

Tẹ́ ẹ bá gbé tuntun délé, ẹ má tì í sínú rẹ̀. Ẹ ju ẹ̀wù kan tẹ́ ẹ ti wọ̀ tẹ́ ò tíì fọ̀ síbẹ̀, kẹ́ ẹ gbé bẹ́ẹ̀dì náà síbi tó ti lè máa wò yín.

Ìbéèrè: Ọmọ ajá mi, ọmọ oṣù mẹ́rin, ti fa bẹ́ẹ̀dì méjì ya. Èwo ni kí n rà ṣìkẹta? — *Ó ti sú mi*

Ìdáhùn: Ẹ má ra ìkankan. Eyín ọmọ ọwọ́ ló ń pààrọ̀, ó di bí oṣù mẹ́fà kí eyín àgbà tó yọ tán, ara rẹ̀ náà ṣì ń dàgbà. Kúbùsù àtijọ́ ti tó fún un, pẹ̀lú ohun líle tó lè máa jẹ lẹ́nu. Fóòmù ni kẹ́ ẹ sọ́ra fún, torí bó bá gbé e mì, ó lè dí i nífun. Bó bá ń bì, tí kò jẹun, tí kò yàgbẹ́, ọjọ́ náà ni kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà. Bó bá jẹ kúbùsù náà tán, ẹ kọ̀wé sí mi padà.