Ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ ọba?

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ ìtàn àròsọ kan nípa ilẹ̀ Odòmẹ́rin, níbi tí ọba mẹ́rin ti para pọ̀ di ìjọba àpapọ̀, tí olú-ọba kan sì wà lórí gbogbo wọn. Ètò ilé-ẹjọ́ wọn ni kò yé mi. Bí obìnrin ìpínlẹ̀ kan bá ta aṣọ fún ará ìpínlẹ̀ kejì, tí aró aṣọ náà sì ṣí, ta ni yóò dá ẹjọ́ wọn? Bí ó bá wá jẹ́ pé olú-ọba gan-an ni ó ṣẹ̀ ńkọ́? (Òǹkàwé yín, Ìtókò, Abẹ́òkúta)

ÌDÁHÙN: Ibi tí ẹ ti ń kọ̀wé yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sábẹ́ Olúmọ ní 1830, ìlú kọ̀ọ̀kan kó ètò tirẹ̀ wá: àwọn Ògbóni ń dá ẹjọ́, àwọn Ológun ń rí sí ogun, àwọn Pàràkòyí sì ń bójú tó ọ̀ràn ọjà àti òwò. Ní tèmi, ọ̀dọ̀ irú Pàràkòyí bẹ́ẹ̀ ni ẹjọ́ aṣọ yẹ kí ó lọ, kí ó má tilẹ̀ dé iwájú ọba. Kí àgbà alárò kan ri aṣọ náà bọ omi lójú olùtà àti olùrà. Níwọ̀n ìgbà tí ẹlú tuntun kì í ṣàì ṣí díẹ̀ ní ìfọ̀ àkọ́kọ́, omi ìfọ̀ kẹta ni kí wọ́n fi ṣe ẹ̀rí.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra gidigidi nípa ẹjọ́ àjèjì. Gẹ̀ẹ́sì fọwọ́ sí òmìnira Ẹ̀gbá nínú àdéhùn 1893. Síbẹ̀, ní 1904, àwọn Ẹ̀gbá gbà pé kí Gẹ̀ẹ́sì máa dá sí ẹjọ́ tí ó bá kan ẹni tí kì í ṣe ọmọ Ẹ̀gbá, nígbà tí ó sì di 1914, òmìnira náà ti bọ́. Ó máa ń dùn mí bí mo bá rántí rẹ̀. Nítorí náà, ilé-ẹjọ́ tí àwọn ọba mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jọ yan adájọ́ sí ni kí ẹ gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ fún, kì í ṣe ti olú-ọba nìkan. Ìpínlẹ̀ tí ó bá wù lè di ilé-ẹjọ́ tirẹ̀ mú: nínú àwọn Ẹ́míréètì méje tí ó para pọ̀ di orílẹ̀-èdè kan ní ilẹ̀ Lárúbáwá, Dubai ní tirẹ̀, nígbà tí Fujairah wà lábẹ́ ti àpapọ̀.

Ní ti olú-ọba, Màléṣíà ni kí ẹ wò. Ọba mẹ́sàn-án ibẹ̀ ń yan ọ̀kan nínú ara wọn sórí oyè olú-ọba fún ọdún márùn-ún. Títí di 1993, kò sí ẹni tí ó lè pe èyíkéyìí nínú wọn lẹ́jọ́. Ọdún yẹn ni wọ́n tún òfin ṣe, tí wọ́n sì dá ilé-ẹjọ́ pàtàkì kan sílẹ̀ fún wọn. Adájọ́ márùn-ún ni ó wà níbẹ̀, àwọn ọba fúnra wọn ni ó sì ń yan méjì nínú wọn. Bí wọ́n bá fi ẹ̀sùn ọ̀daràn kan olú-ọba, yóò kọ́kọ́ fi iṣẹ́ oyè sílẹ̀ ná kí ẹjọ́ tó lọ síwájú. Apá yìí ni kí ẹ fara balẹ̀ kọ jù nínú ìtàn yín: òwúrọ̀ ọjọ́ tí olú-ọba yóò wọlé láìdé adé, tí àwọn adájọ́ kò sì ní dìde fún un.