Òfin ilẹ̀ kan ṣoṣo ni, orúkọ ló pọ̀

Ẹ̀gbọ́n tó ń ra ilẹ̀ ní Ọbáńtokò, l'Abẹ́òkúta níbí, ẹ má fún ajẹ́ńtì yẹn ní kọ́bọ̀ lórí ọ̀rọ̀ òfin. Ẹ ní ìwé àdéhùn pè é ní Decree No. 6 of 1978, lọ́yà ẹbí onílẹ̀ kọ Cap 202 (Cap ni orí nínú ìwé àkójọ òfin), lọ́yà tiyín kọ Cap L5, ajẹ́ńtì wá ní òfin mẹ́ta ni, òun á bá yín yanjú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Irọ́ ni. Òfin kan náà ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: Land Use Act, òfin ilẹ̀. Ọ́fíìsì lọ́yà kan nítòsí kóòtù Ìsábọ̀ ni mo ti ń ṣe akọ̀wé, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n lọ wá òfin jáde, nọ́ńbà wọ̀nyí sì ti fojú mi rí màbo.

Ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́, ọmọ Òwu tiwa níbí, ló gbé òfin náà jáde lọ́dún 1978. Kò sí ilé aṣòfin nígbà náà. Dìkírì ni wọ́n ń pe àṣẹ àwọn ológun, bó bá sì ṣe ń jáde lọ́dún kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń fún un ní nọ́ńbà. Ìkẹfà ni ti ilẹ̀. Nígbà tí ìjọba kó àwọn òfin àpapọ̀ jọ sínú ìwé lọ́dún 1990, wọ́n tò wọ́n ní a-b-d, wọ́n ka orí wọn lọ tààrà, Land Use Act bọ́ sí orí 202. Wọ́n tún un tò lọ́dún 2004, wọ́n wá fi lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ òfin síwájú nọ́ńbà, ló bá di L5. Èyí ló yẹ kó wà nínú ìwé yín.

Nọ́ńbà tí kò bá ní ọdún lẹ́yìn kò wúlò. Ọ̀gá mi a ní, "Bá mi mú Act 6 wá." Ti ọdún wo? Òfin tó dá NDDC, àjọ ìdàgbàsókè Niger Delta, sílẹ̀ náà, nọ́ńbà 6 ni, ti ọdún 2000. Ọbásanjọ́ kan náà ló wà lórí oyè, ó ti di alágbádá, kò sì fọwọ́ sí i. Àwọn aṣòfin fi ìdá méjì nínú mẹ́ta borí rẹ̀, ó di òfin. Nọ́ńbà 6 àkọ́kọ́, òun ló pa á láṣẹ. Nọ́ńbà 6 kejì, wọ́n ṣe é lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí máa ń pa mí lẹ́rìn-ín.

Wàhálà tó ga jù ni ti HB àti SB. Arákùnrin kan gbé ìwé wá láti orí WhatsApp, ó ní òfin owó ilé tuntun ti dé, ká bá òun fi pe onílé òun lẹ́jọ́. HB ló wà lórí rẹ̀! Àbádòfin lásán ni. Èyí tó bá kọ́kọ́ wọ Ilé Aṣojúṣòfin, tí wọ́n jẹ́ 360, ni HB. Ti Ilé Aṣòfin Àgbà, àwọn 109, ni SB. Wọ́n á kà á nígbà mẹ́ta ní ilé kọ̀ọ̀kan, ìgbìmọ̀ á yẹ̀ ẹ́ wò, bí ọ̀rọ̀ ilé méjèèjì kò bá dọ́gba wọ́n á jókòó pọ̀ tún un ṣe, kó tó dé ọ̀dọ̀ Ààrẹ tó ní ọgbọ̀n ọjọ́ láti fọwọ́ sí i tàbí kó kọ̀. Ìgbà tó bá di òfin ló ń gba nọ́ńbà Act, tó sì ń jáde nínú gásẹ́ẹ̀tì. Èyí tí wọn ò bá parí kí sáà ọlọ́dún mẹ́rin ilé náà tó tán, ó ti kú nìyẹn; bí wọ́n bá tún gbé e dé, HB míì ni.

Cap pàápàá lè ti kú o. C20 tí ọ̀pọ̀ ṣì ń kọ sórí ìwé kọ́ńpìnnì ti lọ láti 2020, Act No. 3 ọdún yẹn ló gba ipò rẹ̀. E14 ti ẹ̀rí ní kóòtù náà ti lọ láti 2011. L5 ní tirẹ̀ ṣì wà digbí. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ 1999 fúnra rẹ̀, ní abala 315, ti dè é mọ́lẹ̀, kò ṣeé yí padà bíi ti àwọn yòókù.

Owó tó wà níbẹ̀ gan-an ni ti ìyọ̀ǹda gómìnà, àṣẹ tí wọ́n ń gbà kí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ tó kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn. Àpò ìjọba ló ń lọ, kì í ṣe àpò ajẹ́ńtì. Ẹ lọ béèrè iye rẹ̀ fúnra yín ní Òkè-Mósàn, ní ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ Ògùn, kẹ́ ẹ sì gba rìsíìtì.