Ọkọ̀ mi rì sínú yìnyín: ṣé kí n jẹ́ kí ẹni tí n kò mọ̀ rí bá mi tì í?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Maryland ni mo ń gbé, òtútù àkọ́kọ́ tí mo máa rí rèé. Bí mo ṣe ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀, ọkọ̀ mi rì sínú yìnyín lẹ́bàá ọ̀nà. Bí mo ṣe ń tẹ iná ló túbọ̀ ń rì. Ọkùnrin méjì wá kan gíláàsì ọkọ̀ mi pé àwọn fẹ́ bá mi tì í, ẹ̀rù bà mí, mo ní kí wọ́n máa lọ. Mo tan hítà, mo jókòó fún wákàtí méjì kí ọkọ̀ tó máa fà mí tó dé. Kí ló yẹ kí n ti ṣe?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, ẹ kú ewu. Wákàtí méjì pẹ̀lú hítà yẹn ló kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Ṣé ẹ bọ́ sílẹ̀ wo ẹnu sálẹ́ńsà? Bí yìnyín bá dí i, èéfín á padà sínú ọkọ̀. Carbon monoxide ni, òun náà ló ń pa àwọn tó ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ sùn nílé. Kò ní òórùn, kò ní àwọ̀, oorun ló máa ń dà bí ẹni pé ó ń kunni. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ fi ọwọ́ gbẹ́ ẹnu sálẹ́ńsà. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ọkọ̀ fún nǹkan bí ìṣẹ́jú 10 ní wákàtí kan, kí ẹ wáìn gíláàsì sílẹ̀ díẹ̀ níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ wá. Bí yìnyín bá ṣì ń já bọ́ gidi, ẹ má fi ọkọ̀ sílẹ̀ máa rìn lọ.

Ó kan ọ̀rọ̀ àwọn tó fẹ́ tì í. Ní January 2022, àwọn èèyàn há sínú yìnyín lójú ọ̀nà I-95 ní Virginia, lẹ́bàá Fredericksburg, fún ohun tó lé ní ọjọ́ kan. Sẹ́nétọ̀ Tim Kaine wà lára wọn, wákàtí 27 ló lò kó tó dé Washington. Ó ní ìdílé kan tó ń ti Florida bọ̀ ń pín ọsàn láti ọkọ̀ dé ọkọ̀ lóru. Tọkọtaya kan tẹ ilé búrẹ́dì tó ni ọkọ̀ ńlá tó wà níwájú wọn láago, ni wọ́n bá ní kí dírẹ́bà ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, kó pín búrẹ́dì. Kò sẹ́ni tó mọ ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Ẹ ti ilẹ̀kùn pa, ẹ wáìn gíláàsì sílẹ̀ níwọ̀n ìka méjì, ẹ sọ ibi tí ẹ wà fún ẹnì kan lórí fóònù, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n tì í. Ẹni tó bá ní kí ẹ bọ́ sílẹ̀ kí òun wà á, ẹ ní rárá. Bí ẹ̀mí bá wà nínú ewu, ẹ pe 911, nọ́ńbà pàjáwìrì níbí.

Ẹ má tẹ iná mọ́ ọn. Táyà tó ń yí lójú kan á gbóná, á yọ́ yìnyín, omi yẹn á sì dì padà, á máa dán bíi dígí lábẹ́ táyà. Ẹ tọ́ táyà sọ́ọ̀kán. Ẹ gbẹ́ iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀: mo ti rí ọ̀pọ̀ tí ikùn ọkọ̀ jókòó lé yìnyín, tí táyà kò fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀ mọ́. Ẹ da iyanrìn sí i, tàbí kí ẹ tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì ẹsẹ̀ síwájú táyà tó ń fa ọkọ̀. Kápẹ́ẹ̀tì yẹn lè ta jáde lójijì, torí náà kí ẹnikẹ́ni má dúró ní ọ̀gangan ẹ̀yìn táyà náà. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni kí wọ́n ti tì í, ẹ má sì fi ọwọ́ kan rìfáàsì nígbà tí èèyàn wà níbẹ̀. Wọ́n wá ràn yín lọ́wọ́, ẹ̀yin lẹ máa dáàbò bo ẹsẹ̀ wọn.

Nílé, bí ọkọ̀ bá rì sínú ẹrẹ̀, àwọn ọmọ àdúgbò á tì í, ẹ óò sì fún wọn ní nǹkan. Níbí, ọ̀pọ̀ kò ní gbà á, ẹ má fi dandan mú wọn. Nígbà tí ọkọ̀ bá sì jáde, ẹ má dúró dúpẹ́ lójú kan náà, á tún rì. Ẹ máa wà á lọ títí ẹ ó fi dé ibi tí ilẹ̀ ti le, kí ẹ wá bọ́ sílẹ̀, kí ẹ rìn padà lọ kí wọn.