Ìbéèrè Yín, Ìdáhùn Wa: Ṣé Sípírẹ́sì Kẹ́ńyà Lè Rọ́pò ti Sàhárà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo gbọ́ pé igi sípírẹ́sì inú aṣálẹ̀ Sàhárà ní Àlgéríà ń tán lọ, bẹ́ẹ̀ sípírẹ́sì tí wọ́n ń là ní pákó kún igbó ọba Kẹ́ńyà. Ṣé wọn kò lè kó irúgbìn Kẹ́ńyà lọ gbìn síbẹ̀ ni? Òǹkàwé yín, Ìbàdàn.

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun tí ẹ kọ̀wé sí wa. Ẹbí kan náà ni igi méjèèjì, ṣùgbọ́n irú wọn yàtọ̀. Àjèjì ni ti Kẹ́ńyà. Mẹ́síkò àti Àárín Gbùngbùn Amẹ́ríkà ni ìran rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Ti Sàhárà, tí àwọn Túárẹ́gì, ẹ̀yà kan tó ń gbé Sàhárà, ń pè ní tarout, kì í dá hù níbòmíràn àyàfi lórí òkè Tassili n'Ajjer. Nígbà tí wọ́n kà á, ààyè igi 233 péré ni wọ́n bá, a sì gbà pé àwọn kan nínú wọn ti lé ní 2,000 ọdún. Ilẹ̀ ibẹ̀ gbẹ débi pé agbára káká ni èhù fi ń yọ, ẹran ọ̀sìn a sì tún jẹ èyí tó bá yọ.

Bí igi yìí ṣe ń bímọ ló yani lẹ́nu jù. Ní 2001, àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Faransé fi hàn pé láti inú lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ nìkan ni apilẹ̀ àbùdá ọmọ rẹ̀, ìyẹn ohun àjogúnbá inú ara rẹ̀, ti ń wá. Ìyá kàn ń gbé e sínú kóró, ó sì ń bọ́ ọ ni. Kódà, nígbà tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú náà sára sípírẹ́sì etí òkun Mẹditaréníà, ọmọ Sàhárà pọ́ńbélé wà lára ohun tó hù láti ara alágbàtọ́ yẹn. Nítorí náà, ẹni tó ṣa èso orí igi àgbà kan lè má tíì gba ìran igi náà là rárá, nítorí ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé igi mìíràn ni bàbá ohun tó wà nínú kóró. Àfi kí ó gba lẹ́búlẹ́bú igi náà gan-an, tàbí kí ó gé ẹ̀ka rẹ̀, kí ó sì lọ́ ọ mọ́ ìdí igi mìíràn.

Àwọn ti Kẹ́ńyà pàápàá kò bọ́ lọ́wọ́ ewu. Kòkòrò kékeré kan tó ń fa oje sípírẹ́sì mu dé Màláwì ní 1986, ó sì dé Kẹ́ńyà ní 1990, ó sì sọ ọ̀pọ̀ igi di gbígbẹ. Àwọn kan fara dà á ju àwọn yòókù lọ, nítorí àbùdá wọn kò rí bákan náà. Bí a bá sì tún fẹ́ irú bẹ́ẹ̀ sí i, Mẹ́síkò tí wọ́n ti wá ni a ó padà sí. Lójú tiwa, ọgbà tí ẹran kò ní lè wọ̀, níbi tí èhù tarout yóò ti dàgbà ní Tassili, ló yẹ kí wọ́n náwó lé lórí, kì í ṣe igi àjèjì.