Ẹ Bi Wá: Kókó Iwájú Etí àti Ẹran Ọrùn Tí Wọ́n Fi Ń Dí Kòtò Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Láti ilé ìwòsàn Wesley Guild ni wọ́n ti kọ ìwé fún ìyá mi kí wọ́n lọ yọ kókó iwájú etí wọn ní Ifẹ̀. Dókítà ní àwọn máa yí lára ẹran ọrùn wọn síbẹ̀. Ṣé a ò ní sọ ọgbẹ́ kan di méjì báyìí? – Ìsọ̀kun, Iléṣà

ÌDÁHÙN: Rárá. Ojú abẹ kan náà ni wọ́n máa gbà, èyí tó ti iwájú etí sọ̀ kalẹ̀, tó yí abẹ́ rẹ̀ wọ ọrùn. Bí ìyá bá yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ máa rí ẹran náà tó yọ gbọọrọ láti ẹ̀yìn etí dé òkè àyà. Dókítà á la apá iwájú rẹ̀, á gé e nísàlẹ̀, á sì fi òkè rẹ̀ sílẹ̀ lára, torí ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń wọ̀ ọ́. Yóò wá yí i bo kòtò tí àpò itọ́ iwájú etí, tí wọ́n yọ pẹ̀lú kókó náà, fi sílẹ̀, kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ má baà jìn. Ẹran náà máa ń sún kì díẹ̀ tó bá yá, ìdí nìyẹn tí ibẹ̀ fi máa ń wú ju bó ṣe yẹ lọ níbẹ̀rẹ̀.

Nínú yíyí ẹran yìí, ohun tó gba ìṣọ́ra jù ni iṣan tó ń pàṣẹ fún èjìká láti gbéra. Ẹ̀yìn ẹran yìí ló gbà wọlé, lápá òkè. Bí ọ̀bẹ bá kàn án, èjìká á rọ̀, apá ò sì ní ròkè dáadáa mọ́. Ẹ bi dókítà bóyá ó máa wá iṣan náà rí kó tó gé ohunkóhun. Bí wọ́n bá fura pé jẹjẹrẹ ni kókó náà, ẹ bi wọ́n bóyá kí wọ́n dí i rárá, nítorí ẹran tó bò ó lè fi èyí tó bá tún hù pamọ́.

Ẹ sọ gbogbo oògùn tí ìyá ń lò, àti aspirin àti àgbo. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, kí wọ́n gbé orí ga lórí ìrọ̀rí. Láàárín wákàtí 24 àkọ́kọ́, bí ojú ibẹ̀ bá wú lójijì, tó le, tó ń ro wọ́n gan-an, ẹ̀jẹ̀ ló dúró sínú. Ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Rọ́bà tó ń fa omi ọgbẹ́ kì í kúrò títí ohun tó ń jáde fi dín kù, bíi 30 ml tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀ láàárín wákàtí 24.

Nílé, itọ́ ló sábà máa ń dáni láàmú. Bí ibẹ̀ bá ń wú nígbà oúnjẹ, tí omi mímọ́ sì ń jò, àpò itọ́ tó ṣẹ́kù ló ń sun. Ẹ má fún un. Dókítà á fi abẹ́rẹ́ fa á, á fi báńdéèjì dì í pinpin. Ó sábà máa ń gbẹ láàárín ọ̀sẹ̀ 2 sí 4. Títí di ìgbà náà, kí wọ́n yẹra fún ọsàn wẹ́wẹ́, obì, orógbó àti ṣingọ́ọ̀mù. Kódà ògì tó bá kan jù ń pe itọ́ wá.

ÌBÉÈRÈ: Ó ti tó oṣù mẹ́jọ tí wọ́n ti ṣe tèmi. Bí mo bá ń jẹun, òógùn ń ṣàn níwájú etí mi. Ṣé ọgbẹ́ ló ń jò? – Lágéré, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Kì í ṣe ọgbẹ́. Iṣan tó ń pàṣẹ fún àpò itọ́ ni wọ́n gé. Bó ṣe ń hù padà, ó ṣìnà, ó so mọ́ ihò òógùn inú awọ. Oúnjẹ wá di òógùn. Łucja Frey, dókítà ọmọ Pólándì, ló ṣàlàyé rẹ̀ ní 1923, a sì ń fi orúkọ rẹ̀ pè é. Ẹran ọrùn tí wọ́n fi sáàárín ń gbìyànjú láti dí ọ̀nà yìí, àmọ́ kò dájú ní gbogbo ìgbà, ẹnu àwọn oníwàádìí kò sì tíì kò lórí rẹ̀.

Kí ó lè dá yín lójú, wọ́n á fi ayodíìnì kun ibẹ̀, á gbẹ, wọ́n á wọ́n sítáàsì lé e, ẹ ó wá lá ọsàn kíkan. Ibi tó bá dúdú ni òógùn ti ń jáde. Ẹ fi oògùn adínòógùn tó ní aluminium pa awọ gbígbẹ lálẹ́. Bí kò bá tó, abẹ́rẹ́ botulinum wà: ó ń dá a dúró fún ọ̀pọ̀ oṣù, ẹ ó sì máa gba òmíràn tó bá parẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Etí mi kú tìpìrì lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. – Mọ́rẹ̀, Ilé-Ifẹ̀

ÌDÁHÙN: Iṣan ìmọ̀lára etí ni wọ́n gé tàbí fà, ó lè padà díẹ̀díẹ̀ láàárín ọdún kan, abẹ́ etí sì lè má padà tán. Ẹ ṣọ́ra fún yẹtí tó há jù, ọgbẹ́ rẹ̀ ò ní dùn yín. Ẹ sọ fún onídìrí kí ó fi aṣọ ìnura bo etí yẹn kí ẹ tó wọ abẹ́ dírayà.