Ṣé oògùn yìí mọ ilé jẹjẹrẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀yin apoògùn wa. Jẹjẹrẹ ọmú màmá mi ti ràn dé ẹ̀dọ̀fóró. Nítorí àìsàn ọkàn tí wọ́n ní, dókítà ní doxorubicin (oògùn jẹjẹrẹ) tí wọ́n fi ọ̀rá wé ni wọn yóò gbà. Ẹnì kan ní ibi tí jẹjẹrẹ wà nìkan ni irú èyí ń lọ. Ṣé òótọ́ ni? Owó rẹ̀ ga.

ÌDÁHÙN: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, Ọlọ́run á fún Màmá ní àlàáfíà. "Nìkan" yẹn ni n kò gbà. Oògùn náà kò lójú, gbogbo ara ni ẹ̀jẹ̀ ń gbé e yí ká. Ọ̀rá tí wọ́n fi wé e ló mú un yàtọ̀. Horo rẹ̀ kéré débi pé bí ẹ bá to nǹkan bí 10,000 tira wọn, mìlímítà kan péré ni.

Ẹ rántí asẹ́ ògì. Asẹ́ tó dáa kì í jẹ́ kí èèrí kọjá. Bẹ́ẹ̀ ni iṣan ẹ̀jẹ̀ inú ọkàn rí, horo yìí kì í lè jò gba ibẹ̀ bọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ìkánjú ni jẹjẹrẹ fi ń hu iṣan tirẹ̀. Asẹ́ tó ti ya ni, horo náà sì ń jò gba ibẹ̀. Matsumura àti Maeda, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní Japan, ló ṣàlàyé èyí ní 1986. Ní 1995, Amẹ́ríkà fọwọ́ sí Doxil, ìyẹn doxorubicin tí wọ́n fi ọ̀rá wé.

Síbẹ̀, díẹ̀ ló ń dé ibi tí jẹjẹrẹ wà. Ẹ̀dọ̀ ń gba èyí tó pọ̀ lọ́nà. Ní ti jẹjẹrẹ ọmú tó ti ràn, ìwádìí kan tó jáde ní 2004 lórí obìnrin 509 fi hàn pé agbára doxorubicin tí wọ́n fi ọ̀rá wé àti èyí tí kò ní ọ̀rá kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀, àmọ́ èyí tí wọ́n fi ọ̀rá wé kì í ba ọkàn jẹ́ tó èkejì. Ààbò ọkàn lẹ ń fowó yẹn rà. Fún Màmá tiyín, mo rò pé ó tó ohun tí èèyàn ń fowó rà, bí agbára bá ká a.

Irun kì í sábà re tó ti èyí tí kò ní ọ̀rá. Àtẹ́lẹwọ́ àti àtẹ́lẹsẹ̀ ni kí ẹ máa ṣọ́: wọ́n lè pọ́n, kí wọ́n máa ta wọ́n, kí awọ sì máa bó. Láàárín ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí wọ́n bá gbà á, kí Màmá má gúnyán, kí wọ́n má fi omi gbígbóná wẹ̀, kí wọ́n má wọ bàtà tó fún. (Mo mọ̀ pé ti iyán yẹn á dìjà!)

Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń fà á sára nígbà àkọ́kọ́. Bí àyà bá fún wọn tàbí ẹ̀yìn bá ń dùn wọ́n, ẹ pe nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀. Bí oògùn bá sì tán ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má gbà kí wọ́n fún yín ní èyí tí kò ní ọ̀rá ní iye mìlígíráàmù kan náà. Ìwọ̀n wọn kò dọ́gba, dókítà yín ló gbọ́dọ̀ tún un kọ.